"Sonny" ni gbogbo Ẹ̀gbẹ̀ ń pe bàbá wa: ta ni wọ́n gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọmọ Mẹkáníìkì, Ẹ̀gbẹ̀

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Bàbá wa ti darapọ̀ mọ́ àwọn àgbà. Ìsìnkú ti ń sún mọ́, agbẹ́kúta tó ń ṣe òkúta ibojì wọn ní Kábà sì ti ń pè mí pé kí n tètè fi orúkọ tí òun máa gbẹ́ síbẹ̀ ránṣẹ́. Orúkọ ìdílé wa kò mú àríyànjiyàn wá. Sunday tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún wọn náà kò mú un wá. Orí ìnagijẹ wọn ni ọ̀rọ̀ há sí.

Láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Odò-Ẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá bèèrè Sunday, wọ́n á ní èwo nínú wọn. Ẹ bèèrè Sonny, ọmọdé tó ń kiri omi á mú yín dé ẹnu ọ̀nà wa. "Ọmọ Sonny" ni àwa ọmọ wọn ń jẹ́ lọ́jà, nílé ìwé, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí òkúta yẹn kò bá ní orúkọ náà lára, àjèjì tó bá ń wá wọn lọ́la máa kọjá lára ibojì wọn ni.

SONNY MOTORS ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀dà pupa ni wọ́n lò, ó ṣì ń hàn títí di òní. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn, Sunny ni wọ́n kọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́kọ́jà ní Sunny ni ká gbẹ́, pé King Sunny Adé ni àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń fi wọ́n pè. Kò sì sí irọ́ nínú pé bàbá wa fẹ́ràn Sunny Adé: bí wọ́n bá gbọ́ gìtá rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á fi sípánà sílẹ̀. Àbúrò bàbá wa ta kò ó, wọ́n ní abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò kan ni ẹ̀gbọ́n àwọn jẹ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ti mú orúkọ abẹ̀ṣẹ́kù náà kúrò lórí wọn. Àǹtí mi ní gbogbo rẹ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀, Sunday ni wọ́n gé kúrú, ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ká wá owó màlúù.

Èmi ò lè fi í sílẹ̀. Nínú àpótí wọn ni mo ti rí fọ́tò kan. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ló dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, bàbá wa ló wà láàárín, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni wọ́n wọ̀, wọ́n di ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún wọn, wọ́n sì gbé e sókè ìgbáàyà. Lẹ́yìn fọ́tò náà, wọ́n fi yíǹkì búlúù kọ ọ́: "Sonny, Mọ́kọ́lá, 1963." Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, a mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún wa rí bí orúkọ yẹn ṣe lẹ̀ mọ́ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn, ẹ jọ̀ọ́: àwọn wo ló ti jẹ́ Sonny tàbí Sunny láyé yìí, yálà ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni tàbí inú fíìmù ni wọ́n wà? Èwo nínú wọn ló lè dé etí ọmọ Yàgbà kan tó ń kọ́ṣẹ́ n'Ìbàdàn ní 1963? Òkúta ni a fẹ́ kọ ọ́ sí. Mi ò fẹ́ kọ ohun tí kì í ṣe tiwọn.

Ọmọ Ìyàrà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjọ́ wọ́n jìnnà síra.

Èmi dúró ti ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Lọ́kọ́jà. Sunday Adéníyì Adégẹye ni orúkọ King Sunny Adé, Sunday sì ni bàbá yín. Sunday tó bá lajú nílẹ̀ Yorùbá, Sunny ni wọ́n á pè é, ìyẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣẹlẹ̀.

Ní ti àwọn yòókù tí ẹ béèrè, wọ́n pọ̀. Son Heung-min, ọmọ Kòríà tó gbá bọ́ọ̀lù fún Tottenham, Sonny ni gbogbo èrò tó ń wo bọ́ọ̀lù ń pè é, láti ara orúkọ ìdílé rẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Òun àti Salah ni wọ́n jọ gba góòlù tó pọ̀ jù ní Premier League ní sáà 2021 sí 2022, mẹ́tàlélógún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Nínú fíìmù, ẹ̀yin àgbà mọ Sonny Corleone, àkọ́bí ọ̀gá àwọn jàǹdùkú ilẹ̀ Ítálì tó wà ní New York nínú fíìmù The Godfather. James Caan ló ṣe é ní 1972. Santino ni orúkọ rẹ̀ gangan. Sonny Crockett náà wà, ọlọ́pàá Miami orí tẹlifíṣọ̀n. Kódà róbọ́ọ̀tì kan jẹ́ Sonny nínú fíìmù Will Smith ti 2004.

Nínú gbogbo wọn, ẹni tó bá bàbá yín tan ní èdè àti ní orúkọ ni King Sunny. Tí ẹ bá kọ Sunny, kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè.

Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù, Kábà

Ọmọ mi, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ìdáhùn rẹ wà lẹ́yìn fọ́tò yẹn. Di déètì náà mú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Mo ta àwo orin ní Kábà títí káṣẹ́ẹ̀tì fi lé àwo lọ, tí síídì tún fi lé káṣẹ́ẹ̀tì lọ, kò sì sí ẹni tí mo ta àwo rẹ̀ tó ti King Sunny. Mo fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n wo ọdún rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án 1946 ni wọ́n bí i ní Òṣogbo, ọmọ ìdílé ọba Oǹdó. Ní 1963, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń lọ sí mẹ́tàdínlógún ni. Ẹgbẹ́ olórin Moses Ọláìyá, ẹni tó padà di Bàbá Sàlá, ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, 1967 ló sì tó dá Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀. Ìlú òyìnbó kò mọ̀ ọ́n dáadáa títí di 1982. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò bàbá rẹ, ta ni ní Mọ́kọ́lá máa jẹ orúkọ ọmọdé tí kò tíì ní ẹgbẹ́ tirẹ̀? Sonny Òkósun olórin náà kò tíì dé, 1977 ni "Fire in Soweto" jáde. Sonny Corleone, 1972. Ọlọ́pàá Miami, 1984. Ọmọ Ìyàrà, o ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn fọ́tò yìí ni gbogbo wọn bọ́ sí.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ gba gbogbo ẹnu ní 1963 ni Sonny Liston, abẹ̀ṣẹ́kù ará Amẹ́ríkà.

Mo wà n'Ìbàdàn lọ́dún náà. Òkè-Àdó ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ rántí pé Kàdúná ni ìjọba tiwa wà nígbà náà, abẹ́ Àríwá ni gbogbo agbègbè Kábà wà. Ọmọ Yàgbà tàbí ọmọ Ìjùmú tó bá gba ọ̀nà Ìlọrin sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó ti wọ ìjọba ibòmíràn nìyẹn, ó sì ti wọ ayé mìíràn pẹ̀lú. Láti 1959 ni tẹlifíṣọ̀n ti wà n'Ìbàdàn, òun ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, nígbà tí àwa tí a wà nílé kò tíì mọ̀ bí ó ṣe rí. A máa ń dúró lẹ́yìn fèrèsé olówó láti wò ó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n ń sọ ní gbogbo ibi tí ọkùnrin méjì bá ti pàdé.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1962, Liston dojú Floyd Patterson bolẹ̀ ní Chicago ní ráùǹdì àkọ́kọ́, ó sì gba bẹ́líìtì àwọn tó wúwo jù lágbàáyé. Ní oṣù Keje 1963, wọ́n tún pàdé ní Las Vegas. Ráùǹdì àkọ́kọ́ náà ni. Ìròyìn ìyẹn ṣì ń gbóná lọ́wọ́ nígbà tí Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́kù ọmọ Nàìjíríà tiwa, wá bá Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà jà ní pápá ìṣeré Liberty n'Ìbàdàn, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ 1963. Ìjà bẹ́líìtì àgbáyé irú rẹ̀ kò wáyé rí ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Fullmer kò jáde fún ráùǹdì kẹjọ. Èmi ò rówó wọlé. Ìta ni mo dúró sí pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀, ariwo tó ń ti inú pápá náà jáde ló ń sọ fún wa ẹni tó ń jẹ ẹ̀ṣẹ́. Ní gbogbo oṣù tó tẹ̀ lé e, kò sí ọmọ iṣẹ́ kan n'Ìbàdàn tí kò ní orúkọ abẹ̀ṣẹ́kù. Tiger ni wọ́n kọ́kọ́ ń jà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìnagijẹ ni òun náà (Richard Ihetu ni ọmọ Amaigbo yẹn ń jẹ́). Tiger pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń bá ara wọn jà lé e lórí. Ọmọkùnrin tó bá ń jẹ́ Sunday ní tiẹ̀, orúkọ ti ń dúró dè é nílẹ̀. Tí ó bá tún ní ọwọ́ ńlá bíi ti mẹkáníìkì, ó parí. Ọwọ́ Liston tóbi púpọ̀, òun ni gbogbo ìwé ìròyìn ń sọ.

Mo fẹ́ kí o mọ ẹni tí Liston jẹ́, torí mo rò pé bàbá rẹ mọ̀ ọ́n. Charles ni orúkọ rẹ̀. Arkansas ni wọ́n bí i sí, láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ, bàbá rẹ̀ ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe sẹ́ni tó kọ ti àwọn bàbá wa. Ó jalè, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní Missouri, inú ẹ̀wọ̀n yẹn ni àlùfáà ti fà á wọ inú ẹ̀ṣẹ́ jíjà. Nígbà tó gba bẹ́líìtì, Amẹ́ríkà kò yọ̀ fún un. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n tó ṣe bú u títí ó fi kú ní 1970. Ọmọ tálákà ni, ó sì gòkè dé ibi tí kò sí ẹni tó ga jù ú lọ. Àwa tí a ń sùn sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wa, a mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ yìí dá mi lójú nìyí. Ní oṣù Kejì 1964, Liston jókòó sórí àpótí rẹ̀ ní Miami, kò dìde fún ráùǹdì keje, Cassius Clay gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Clay, tó ti di Muhammad Ali, wá sí Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ọmọkùnrin wo ló tún máa fi ojú ara rẹ̀ mú Sonny? Ali ni gbogbo wọn. Nítorí náà, ilẹ̀kùn tí orúkọ yìí lè gbà wọlé kò ṣí ju láti oṣù Kẹsàn-án 1962 sí oṣù Kejì 1964 lọ, fọ́tò bàbá rẹ sì wà láàárín rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ní ti òkúta: ibojì Liston wà ní Las Vegas. Wọ́n kọ Charles sí i, wọ́n kọ Sonny sáàárín, wọ́n kọ Liston. Wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sí i, pé ọkùnrin kan nìyí. Wọn kò yọ Charles kúrò nítorí Sonny, wọn kò sì ju Sonny nù nítorí Charles.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti orin kún un, torí iṣẹ́ mi ni. Àwọn méjì ló jẹ́ Sonny Boy Williamson ní Amẹ́ríkà, àwọn méjèèjì ló sì ń fọn dùùrù kékeré tí wọ́n ń fi ẹnu fọn. Èkíní, John Lee Williamson, ni wọ́n pa ní Chicago ní 1948. Èkejì, tí ó ń jẹ́ Miller, ti mú orúkọ náà nígbà tí onítọ̀hún ṣì wà láàyè, ó ń fi kọrin lórí rédíò ní Helena ní Arkansas, ó sì gbé e títí tó fi kú ní 1965. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníbàárà ń wá bá mi fún àwo ọ̀kan tí wọ́n á sì gbé ti èkejì lọ. Èkejì ni mo fẹ́ràn jù. Orúkọ onítọ̀hún ló mú, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ ló fi jẹ́ ẹ.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Mọ̀pà

Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù, mo kí yín, ẹ ti sọ ohun tó wúwo. Ọmọ Mẹkáníìkì, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí kò sí ẹni tó tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ kan tó rí Ìbàdàn, ó ti rí òyìnbó. Láti 1908 ni Tommy Titcombe, míṣọ́nárì, ti dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Kánádà ló ti wá, àwọn ará Kánádà àti Amẹ́ríkà sì ń tẹ̀ lé e wá, wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ilé ìwòsàn yẹn ni mo ti kọ́ṣẹ́ mi. Àgbà nínú àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn máa ń pe ọmọkùnrin kékeré ní "Sonny", bí àwa ṣe ń pe ọmọ ọlọ́mọ ní "ọkọ mi". Ọmọ tó ń bá wọn fọ abọ́ tàbí tó ń roko ilé wọn, wọn kò ní rántí orúkọ ilé rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí Sonny ti wà lára bàbá yín láti kékeré, kí ó sì jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ Liston kàn fún un lágbára ni.

Kì í sì í ṣe gbogbo Sunday ló ń di Sonny o. Olóyè Sunday Awóníyì, Àró Mọ̀pà wa tó kú ní 2007, bí wọ́n ṣe tóbi tó nínú òṣèlú ilẹ̀ Àríwá, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní Sonny rí. "S. B." ni, tàbí "Àró". Ẹnìkan ni láti fi orúkọ yìí lé èèyàn lórí, tàbí kí èèyàn fúnra rẹ̀ mú un.

Ohun tí mo máa ṣe bí ó bá jẹ́ èmi ni pé màá wá ẹni tó mọ bàbá yín kí wọ́n tó kúrò nílé. Má sọ Sonny létí rẹ̀. Bi í pé kí ni wọ́n ń pè wọ́n nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, kí o sì dákẹ́.

Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù, Kábà

Màmá, òótọ́ lẹ sọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé ló lè parí rẹ̀. Bí wọ́n bá ní wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ kó tó lọ Ìbàdàn, èmi náà á gbà. Ọmọ mi, tètè lọ bi wọ́n, àgbà kì í dúró de ẹni.

Ọmọ Mẹkáníìkì, Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ṣe bí Màmá Nọ́ọ̀sì ṣe wí.

Mo lọ sí Odò-Ẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa obìnrin, àwọn ni wọ́n tẹ̀ lé bàbá wa nínú ìyá kan náà. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn gún régé. Mi ò dárúkọ Sonny rárá. Mo ní, "Màmá, kí ni ẹ ń pe ẹ̀gbọ́n yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré?" Wọ́n ní, "Sọ́ńdè." Mo ní ṣé kò sí òmíràn. Wọ́n ní kò sí, pé àwọn òyìnbó pàápàá, Sọ́ńdè ni wọ́n ń pè wọ́n, torí àwọn méjèèjì ló ń pọn omi fún ilé òyìnbó kan.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìyókù láìjẹ́ pé mo bèèrè. Wọ́n ní ọdún Kérésìmesì kan, ẹ̀gbọ́n àwọn ti Ìbàdàn dé, ó wọ bàtà aláwọ̀ méjì, wọ́n pè é ní Sọ́ńdè, kò dáhùn. Ìyá wọn pè é, kò dáhùn. Ó ní Sonny ni òun ń jẹ́ báyìí, ó sì di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ sókè báyìí (wọ́n di ẹ̀ṣẹ́ tiwọn náà sókè láti fi hàn mí, ó sì bá ti inú fọ́tò mu). Wọ́n ní nígbà tó tún wálé lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ adúgbò ti gbọ́ pé wọ́n ti na Sonny tòyìnbó. Wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa jẹ́ Clay. Ó ní òun kò jẹ́ Clay. Ó ní ẹni tí wọ́n nà wà ní Amẹ́ríkà, Sonny ti Ẹ̀gbẹ̀ rèé, kí ẹni tó bá fẹ́ nà án sún mọ́ tòsí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn.

Ní ti Sunny inú ìwé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ọwọ́ akọ̀wé ni, kì í ṣe ọwọ́ bàbá wa. Mo fi ìkọ̀wé inú rẹ̀ wé ti ẹ̀yìn fọ́tò, wọn kò jọ ara wọn. Ti ẹ̀yìn fọ́tò àti ti ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ló jọra, òkè lẹ́tà S wọn tẹ̀ síwájú bákan náà.

Mo ti fi ránṣẹ́ sí agbẹ́kúta: Sunday, kí Sonny tẹ̀ lé e, kí orúkọ ìdílé wá kẹ́yìn. Mo kà á sí i létí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo sì ní kó kà á padà fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti Lọ́kọ́jà gbà lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù sí wọn létí lórí fóònù, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwo King Sunny ni a gbọ́dọ̀ lù láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú lọ́jọ́ ìnáwó. Ìyẹn ò lè dá ìjà sílẹ̀, bàbá wa fúnra wọn ì bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Onírẹ́kọ́ọ̀dù, mo bẹ̀ yín, bí ara yín bá le, ẹ wá sí Ẹ̀gbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo máa rán mọ́tò wá gbé yín ní Kábà. Ẹ bá wa mú àwọn àwo àtijọ́ ti Green Spots dání, àwọn tí a ní nílé ti ha. Àbúrò bàbá wa ọkùnrin sì ní kí n sọ fún yín pé Liston náà ni, pé bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀ ni àwọn rántí. Wọ́n fẹ́ jókòó tì yín.